Ẹlẹ́sẹ̀ Eré Tó Tún Jẹ́ Onímọ̀ Ìjìnlẹ̀: Ipa Èbúté Àpápá Nínú Ìtàn Wọn

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni Àpápá, ní ìlú Èkó. Láti ìdí ọkọ̀ títí wọ inú Ajégúnlẹ̀, kò sí ibi tí ó fi bẹ́ẹ̀ ga ju ojú omi ọ̀sà lọ. Àbàtà ni apá kan nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi yanrìn dí i, omi òjò kì í sì í tètè rí ojú ọ̀nà ṣàn gbà níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá ń wá olúborí eré-ìje orí òkè, ìyẹn eré ọlọ́nà jíjìn tí àwọn olùdíje máa ń sá gòkè, tí wọ́n sì máa ń sá sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta àti ilẹ̀ gbágungbàgun fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò ní kọ́kọ́ yà sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá wo irú ẹni tí ó so iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì pọ̀ mọ́ ipò olúborí nínú eré ìdárayá, tí ó sì béèrè bí irú wọn ṣe wọ inú ìtàn Yorùbá àti ti Nàìjíríà lápapọ̀, èbúté Àpápá kò ní ṣàì yọjú nínú ìdáhùn náà. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ẹ̀bùn àbínibí nìkan kọ́ ló ń mú kí ìwé àti eré pàdé nínú ara ènìyàn kan ṣoṣo. Ilé-ẹ̀kọ́, pápá ìṣeré àti ọ̀nà ìrìn-àjò ló ń pa wọ́n pọ̀, nígbà tí ọ̀nà wọ̀nyí bá sì pínyà, ìwé àti eré náà yóò pínyà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú eré tí à ń sọ. Ní àwọn àgbègbè olókè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, àwọn darandaran àti àwọn ará abúlé ẹsẹ̀ òkè ti ń bá ara wọn sáré láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ní 1968 ni wọ́n dá ẹ̀yà kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní máratọ́ọ̀nù orí òkè, nínú èyí tí ènìyàn méjì-méjì máa ń ru oúnjẹ àti àgọ́ wọn sẹ́yìn, tí wọ́n á sì fi máàpù àti kọ́ńpáàsì wá ọ̀nà fún odidi ọjọ́ méjì. Ìṣirò wà nínú rẹ̀ bí agbára ṣe wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá yan ọ̀nà tí kò tọ́ lè fi ẹsẹ̀ yá ju ẹnikẹ́ni lọ kí ó sì dé kẹ́yìn. Angela Mudge, ọmọ ilẹ̀ Britain tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jinlẹ̀ nínú kẹ́místrì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wọ́ láti inú oyún, ni ó gba ipò kìn-ín-ní láàrin àwọn obìnrin nínú ìdíje àgbáyé eré orí òkè tí wọ́n ṣe ní Bergen, ní Jámánì, ní 2000. Ṣáájú rẹ̀ ni Griffith Pugh, dókítà tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù àti lórí òkè gíga: wọ́n ti yàn án sínú ikọ̀ Britain fún eré orí yìnyín ti Òlíńpíìkì 1936, ó bá ikọ̀ tí ó ṣẹ́gun òkè Everest lọ ní 1953, ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí omi mímu àti lílo ọ́síjìn sì wà lára ohun tí ó gbé wọn dé ṣóńṣó. Ní 1965, ó kó àwọn sárésáré Britain lọ sí ìlú Mexico láti wo ohun tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò fi ojú wọn rí kí Òlíńpíìkì 1968 tó dé.

Iṣẹ́ àwọn bíi Pugh ló jẹ́ kí ó hàn gbangba pé ilẹ̀ tí ènìyàn dàgbà sí ní ọ̀rọ̀ sọ nínú eré tí yóò mọ̀ ọ́n sá. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i. Ní ibi tí ó ga tó 4,000 mítà, ọ́síjìn tí èémí kan ń kó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ti dín ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 sí ti etí òkun. Nígbà tí ara bá rí i pé ọ́síjìn kò tó, kíndìnrín a ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kí ó pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ru ọ́síjìn kiri. Èyí wà lára ìdí tí àwọn ọmọ òkè Kenya àti Ethiopia fi ń borí nínú eré ọlọ́nà jíjìn. Ọmọ Àpápá kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ìṣòro mìíràn sì tún wà fún un: nínú gbogbo agbára tí iṣan ń ná nígbà tí ènìyàn bá ń sáré, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń di ooru, òógùn tí ó bá sì gbẹ lára ló ń gbé púpọ̀ nínú ooru náà lọ. Ní etí ọ̀sà, níbi tí ọ̀rinrin ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kì í tètè gbẹ, ṣe ni ó máa ń ṣàn sílẹ̀ lásán, ara a sì máa gbóná sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré máratọ́ọ̀nù ìlú Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ní ìdájí kí oòrùn tó mú.

Ṣùgbọ́n eré tí ó parí láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún afẹ́fẹ́ òkè tàbí ọ̀rinrin. Ẹni tí ó fẹ́ fò sókè kọjá ọ̀pá, tàbí tí ó fẹ́ fò jìnnà bọ́ sínú yanrìn, ń fẹ́ iṣan tí ó lè fún kíákíá, ó sì ń fẹ́ orí tí ó lè ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ láìṣìnà títí dé ibi tí ẹsẹ̀ yóò ti kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Nàìjíríà rí nínú àwọn olúborí ìgbà àkọ́kọ́ kì í ṣe sárésáré orí òkè. Afòsókè àti afòjìnnà ni wọ́n.

Kí irú wọn tó lè jáde, ọ̀nà omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, òkìtì yanrìn abẹ́ omi ló dí ẹnu ọ̀sà Èkó, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ńlá láti òkè òkun kò lè wọlé. Ẹrù àti èrò Èkó ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní Forcados ní apá Nàìjá Délítà kí ọkọ̀ kékeré tó kó wọn wá. Ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri gígùn wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀sà náà kí ìgbì má baà máa gbá yanrìn jọ, nígbà tí ó sì fi máa di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé tààrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yan Àpápá, níbi tí omi ti jìn tó sì rọrùn láti so ojú irin pọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Ibùdókọ̀ omi mẹ́rin àkọ́kọ́ parí níbẹ̀ ní 1926. Epo pupa, kòkó àti ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ jáde, àwọn ẹrù ilé-iṣẹ́ Òyìnbó sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ ìmúgbòòrò tí wọ́n ṣe láàrin àwọn ọdún 1950 fi ibùdó mìíràn kún un, ní 1955 sì ni wọ́n dá àjọ tí ń bójú tó èbúté Nàìjíríà sílẹ̀.

Orúkọ àdúgbò náà pàápàá wọ inú òkun. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Elder Dempster ti ìlú Liverpool fi Àpápá sọ ọkọ̀ mẹ́ta lórúkọ léraléra: wọ́n kan àkọ́kọ́ ní 1914, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì sì rì í ní November 1917, èkejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1927, bọ́ǹbù láti inú bàlúù Jámánì ló sì rì í ní November 1940, ẹ̀kẹta jáde ní 1948 lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n ń kó lẹ́tà, ẹrù àti èrò láàrin Èkó àti Liverpool fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ni ìran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lọ kọ́ ìṣègùn, òfin àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wọ̀. Ó ṣòro fún ẹni tí a bí sí ayé bàlúù láti mọ ohun tí ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun ń ṣe fún ọ̀dọ́ tí kò tíì kúrò nílé rí: ó ń fún un láyè láti ronú, ó sì ń jẹ́ kí ó mọ̀ pé ibi tí òun ń lọ kò súnmọ́ ilé.

Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ti so ìwé mọ́ eré fún wọn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí àwọn ìjọ Kristẹni àti ìjọba dá sílẹ̀ ní Èkó, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn tẹ̀ lé àpẹẹrẹ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti gbà pé pápá jẹ́ ara kíláàsì. Ní ọjọ́ 24 oṣù May ọdọọdún, tí wọ́n ń pè ní Ẹmpáyà Dé, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ eré sísá àti fífò. Ìdíje ife Grier tún kó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama jọ láti bá ara wọn figagbága. Ètò amúnisìn ni, ìgbọràn sí ọba òkèèrè ló sì wà lọ́kàn àwọn tí ó gbé e kalẹ̀. Síbẹ̀ èso kan ti inú rẹ̀ jáde tí wọn kò fojú sí, èyí ni pé ọmọ tí ó mọ ìṣirò jù ní kíláàsì lè jẹ́ ọmọ tí ó fò ga jù lórí pápá, láìsí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó yan ọ̀kan.

Adégbóyèga Fọláranmí Adédoyin ni àpẹẹrẹ tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ. Ọmọ ọba ni, nítorí Ọba Adédoyin, Akarìgbò ti Rẹ́mọ, ni bàbá rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1922, ní 1942 ó sì rìnrìn-àjò lọ sí Britain láti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ní àkókò tí ogun ṣì ń jà lójú òkun, tí ọkọ̀ Apapa kejì sì ti wà nísàlẹ̀ omi fún nǹkan bí ọdún méjì. Ẹni tí ó bá rántí èyí yóò mọ̀ pé ìgboyà ti wà lára ọmọ náà kí ó tó débi ọ̀pá ìfòsókè kankan. Yunifásítì Queen's ní Belfast, ní apá àríwá Ireland, ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ sì ti gbalẹ̀ nínú eré fífò. Ní 1947, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú fífò sókè níbi ìdíje gbogbogbò ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdíje tí gbogbo afòsókè Britain ń fẹ́ borí.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìdíje Òlíńpíìkì wá sí London. Nàìjíríà kò tíì ní ikọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí 1952 ní Helsinki ni àwọn eléré Nàìjíríà kọ́kọ́ ta àsíá wọn ní Òlíńpíìkì, nítorí náà ẹ̀wù Britain ni Adédoyin wọ̀ wọ pápá Wembley. Ó kópa nínú fífò sókè, ó sì wọ ìpele àṣekágbá nínú fífò jìnnà, níbi tí ó ti fò 7.27 mítà tí ó sì ṣe ipò karùn-ún ní gbogbo ayé. Kò sí ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà tí ó ti dé ìpele àṣekágbá Òlíńpíìkì ṣáájú rẹ̀. Ó sì yẹ kí a fi èyí sí ọkàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ní gbogbo àkókò yẹn, tí ó ń la òkú ènìyàn yẹ̀ wò nínú yàrá ẹ̀kọ́, tí ó ń ka ìwé nípa iṣan àti eegun tí òun fúnra rẹ̀ ń fi fò. Ní 1949, ọdún kan péré lẹ́yìn Wembley, ó yege gẹ́gẹ́ bí dókítà. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó sì ṣe jẹun lẹ́yìn náà, títí tí ọjọ́ ogbó fi dé; ó kú ní 2014. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ọmọ Rẹ́mọ tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lónìí kò mọ orúkọ rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìtàn rẹ̀ yẹ kí ó wà nínú ìwé kíkà wọn.

Ní ọdún kan náà tí Adédoyin di dókítà, eléré Nàìjíríà mìíràn gba òkun kọjá, àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ní August 1949, ikọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún wọ ọkọ̀ Apapa ẹ̀kẹta kúrò ní Èkó, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Liverpool ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Etim Henshaw ni balógun wọn, Teslim Balógun, ọmọ Èkó tí gbogbo ayé ń pè ní Thunder nítorí agbára bọ́ọ̀lù rẹ̀, sì wà láàrin wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà lórí koríko tútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi góòlù márùn-ún sí méjì ṣẹ́gun ẹgbẹ́ Marine nínú ìdíje àkọ́kọ́, àmọ́ nígbà tí òjò mú ilẹ̀ di ẹrẹ̀, bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í borí ẹsẹ̀ lásán, nínú ìdíje mẹ́sàn-án tí wọ́n ṣe, márùn-ún ni wọ́n pàdánù. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Freetown ní October, wọ́n sì fi góòlù méjì sí òdo na Sierra Leone, èyí tí àwọn òpìtàn kà sí ìdíje àkọ́kọ́ tí ikọ̀ Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ̀rí tí ìrìn-àjò yìí jẹ́ ṣe pàtàkì fún ìtàn Àpápá: ọkọ̀ kan náà tí ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ ló ń gbé agbábọ́ọ̀lù lọ, wọ́n sì lè jókòó sórí àga kan náà lójú omi.

Àwọn afòsókè ló tún gbé orúkọ Nàìjíríà ga lẹ́yìn wọn. Josiah Májẹ̀kódùnmí gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú fífò sókè ní Auckland, ní New Zealand, ní 1950, níbi ìdíje àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún wà nínú ikọ̀ tí ó lọ sí Helsinki. Ṣùgbọ́n níbi irú ìdíje yìí kan náà ní Vancouver, ní Canada, ní 1954, ni ọ̀rọ̀ ìwé àti eré ti yọ kedere jù lọ, nítorí pápá kan náà ni méjì nínú irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti pàdé láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Emmanuel Ifeajuna, ọmọ Onitsha tí kò tíì pé ogún ọdún. Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ó wọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lófìfo, ó sì fò kọjá ọ̀pá tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8, ìyẹn 2.03 mítà, Patrick Etolu ti Uganda ló ṣe ipò kejì, Nafiu Osagie, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, ló sì ṣe ipò kẹta. Ifeajuna ni ọmọ adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà nínú ìdíje yẹn. Nígbà tí ó padà sílé, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé, ó sì wọlé sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1948, láti kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ẹnì kejì ni Roger Bannister, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti London tí ó ti ṣe ìwádìí ní Oxford lórí bí èémí ṣe ń rí lára ẹni tí ń sáré lórí ẹ̀rọ, nígbà tí wọ́n bá fi kún ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí ó ń fà. Ní ọjọ́ 6 May 1954, ó lọ sí ilé-ìwòsàn tí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òwúrọ̀, ó pọ́n ìṣó abẹ́ bàtà ìsáré rẹ̀ lórí òkúta ìpọ́nrin inú yàrá ìwádìí ibẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Oxford, nígbà tí ó sì di ìrọ̀lẹ́ ó ti di ènìyàn àkọ́kọ́ tí ó sá máìlì kan láàrin ìṣẹ́jú tí kò tó mẹ́rin. Ní Vancouver, ọjọ́ 7 August, ó tún fi ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 58.8 borí John Landy ti Australia. Lẹ́yìn ọdún yẹn ó fi eré sílẹ̀, ó sì di dókítà ọpọlọ àti iṣan ara tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún.

Ohun tí ó yà àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ tọ́ sí àròjinlẹ̀. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀ fún Bannister: yunifásítì tí ó ní pápá, yàrá ìwádìí tí ó ń fi eré ara rẹ̀ ṣe kókó ìwádìí, àti iṣẹ́ tí ó dúró dè é. Ifeajuna kò tún fò ní irú ìdíje ńlá bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn Vancouver. Ó gba oyè sáyẹ́ǹsì, ó ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ní 1960. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ṣe olórí ìfipágbàjọba January 1966, ìyẹn tí ó gbẹ̀mí àwọn olórí orílẹ̀-èdè, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Enugu ní September 1967 nígbà ogun abẹ́lé. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú ìtàn yẹn ti bo wúrà Vancouver mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ ìtàn eré ìdárayá kò lè fò ó dá, nítorí pé ó fi hàn bí orílẹ̀-èdè kan ṣe lè ní ọmọ tí orí rẹ̀ pé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá, kí ó má sì ní ibi tí yóò fi í sí.

Ọ̀nà omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dí láàrin ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó tẹ̀ lé òmìnira. Bàlúù gba èrò lọ́wọ́ ọkọ̀. Wọ́n ta ọkọ̀ Apapa ẹ̀kẹta ní 1968, Aureol, tí ó jẹ́ ìkẹyìn nínú ọkọ̀ èrò Elder Dempster, sì ṣíwọ́ ní 1974. Ẹrù nìkan ló kù fún Àpápá. Ní 1975, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tí ìjọba ológun pè wá pọ̀ débi pé wọ́n tò lọ gbọọrọ lójú òkun fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tí ó fa kíkọ́ èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eléré ń bá tiwọn lọ lọ́nà mìíràn: Fásitì Ìbàdàn gbàlejò ìdíje àkọ́kọ́ láàrin àwọn yunifásítì Nàìjíríà ní 1966, láti àwọn ọdún 1970 sì ni àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti ń fi owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fa àwọn sárésáré àti afòjìnnà Nàìjíríà lọ. Modupe Oshikoya, Innocent Egbunike, Falilat Ogunkoya àti Mary Onyali wà lára àwọn tí ó gba ibẹ̀ kọjá.

Ajégúnlẹ̀ wà lẹ́yìn èbúté náà ní gbogbo àkókò yìí. Àwọn alágbàṣe ìdí ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ àti ti ìyẹ̀fun ní Àpápá, àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ìjọ̀, àwọn ará Urhobo, Igbo, Yorùbá àti Haúsá, gbogbo wọn ló ń wá yàrá olówó pọ́ọ́kú níbẹ̀, títí tí ilé fi kún débi pé àyè ìṣeré di ohun tí à ń já gbà. Ibi tí ó kù ni wọ́n fi ṣe pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì sọ èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ní Maracana bíi ti Rio de Janeiro. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó fún ọmọ méjìlélógún, kò sì fẹ́ ọ̀pá ìfòsókè tàbí ihò yanrìn tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa tọ́jú. Samson Siasia, Taribo West, Emmanuel Amuneke àti Odion Ighalo ti àdúgbò yìí jáde. Amuneke ló gbá góòlù méjèèjì tí Nàìjíríà fi gba ife Áfíríkà ní 1994, òun náà ló sì gbá èyí tí ó fi Argentina sílẹ̀ ní góòlù mẹ́ta sí méjì nínú àṣekágbá Òlíńpíìkì ti Atlanta ní 1996. Wúrà ni wọ́n gbà, ó sì tọ́ kí Ajégúnlẹ̀ máa yangàn. Ṣùgbọ́n kò sí dókítà kan nínú ìtàn náà, bí ó ṣe wà nínú ti Adédoyin ní 1948, ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́rùn àwọn ọmọ wọ̀nyí: àwọn tí ń wá agbábọ́ọ̀lù rà ń dé Maracana, wọ́n ń wo ẹsẹ̀, wọn kì í béèrè ìwé.

Ní ti òkè, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní tirẹ̀. Òkè Cameroon, tí ó ga ju 4,000 mítà lọ, wà lábẹ́ ìṣàkóso tí ó so mọ́ ti Nàìjíríà títí di 1960. Àwọn onímọ̀ ohun abẹ̀mí ti gùn ún tipẹ́: Gustav Mann gbà á lọ láti kó ewéko jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860, Mary Kingsley, tí ó ń kó ẹja jọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní London, sì dé orí rẹ̀ ní 1895. Láti 1973 ni wọ́n ti ń sá eré-ìje láti ìlú Buea dé ṣóńṣó rẹ̀ kí wọ́n tó sá padà, ọ̀nà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 kìlómítà, tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ooru tí ó sì dé inú òtútù kíkorò. Sarah Etonge borí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀meje láàrin àwọn obìnrin, wọ́n sì sọ ọ́ ní ọbabìnrin òkè. Nàìjíríà náà dá eré-ìje orí òkè Obudu sílẹ̀ ní 2005, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kenya àti Ethiopia ni wọ́n sábà máa ń kó owó ẹ̀bùn rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣaláìní òkè. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè nìkan lé ní 600. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì sọ gígùn òkè Ìdànrè di ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ àti èémí fún àwọn ọmọ tí ń gùn ún.

Ọ̀nà Amẹ́ríkà nìkan ni ìwé àti eré ṣì ti so pọ̀ gidi fún ọmọ Nàìjíríà báyìí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì tí ó bá rí ọmọ tí ó fò jìnnà ní Èkó kò lè fún un ní ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ láìkọ́kọ́ rí èsì ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, nítorí òfin eré àwọn yunifásítì ibẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí ó fẹ́ tọ ipa Adédoyin ní láti ní nǹkan méjì nílẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún: pápá tí ó ní ihò yanrìn tí ó lè fò sí, àti yàrá sáyẹ́ǹsì tí ó ní omi àti iná, tí ó lè ti yege nínú físíìsì àti bàọ́lọ́jì.